Ibi Funfun Lórí Máàpù

“Fà á tu! Kí lò ń wò?”

Aba Kọ́lájọ kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. Ọmọ́ṣọlá rọ̀ mọ́ igi tí wọ́n ri sẹ́nu Kọ̀rọ̀, ó fì í sọ́tùn-ún, ó fì í sósì. Mọ̀rìwò tí wọ́n so mọ́ orí igi náà ṣì tutù. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Aba fúnra rẹ̀ so ó. Ọkọ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà. Nígbà tí igi yẹn tu, ẹrọ̀fọ̀ dúdú bá a jáde, ó sì ta sí i láṣọ ilé-ìwé.

“Tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀. Fi ẹní bò ó.”

“Aba, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá fọwọ́ kan mọ̀rìwò yìí máa rí pípọ́n ojú yín?”

“Èmi ni mo so ó, èmi ni mo ní kí o tú u. Wa ọkọ̀, jàre.”

Ọmọ́ṣọlá wa ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní SS 2. Aba Kọ́lájọ ni bàbá tó bí ìyá rẹ̀, òun náà sì ni olórí ẹbí Olówòkéré ní Ẹ̀bútẹ̀-Ọlárìndé, abúlé kékeré kan tí àwọn ilé rẹ̀ dúró lórí òpó láàárín omi, tí kò jìnnà sí Mólútẹ́hìn. Ẹbí yìí ló ni Kọ̀rọ̀. Ibi tí omi ti yà wọ inú igbó ẹ̀gbà ni, tí gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ti tẹ̀ wọ inú omi lọ́tùn-ún lósì bí ẹsẹ̀ akàn. Láàárín gbòǹgbò wọ̀nyẹn ni ẹja ń yé sí. Ibẹ̀ ni ọmọ edé ń gbé títí á fi dàgbà. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti lọ, olórí ẹbí á ri igi mọ̀rìwò sẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, fún oṣù márùn-ún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gé igi tí wọ́n fi ń yan ẹja níbẹ̀. Kí Aba tó tú mọ̀rìwò, ẹja á ti kún Kọ̀rọ̀, á ti tú jáde sínú gbogbo odò àyíká. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Olówòkéré pàápàá ń jẹ nínú rẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ abúlé ni Kọ̀rọ̀.

Kí ló wá dé tí Aba fi ń tú mọ̀rìwò ní ọ̀sẹ̀ kẹta? Ará káńsù ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì ni.

Ará káńsù ọ̀hún ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè. Ará òkè ni, láti Ìkirè, kò mọ omi rárá. Ó ti kọ́kọ́ wá sí ọgbà ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó pe gbogbo abúlé jọ, ó ní káńsù fẹ́ ṣe “ètò ìdáàbòbò onírúurú ohun abẹ̀mí lórí ilẹ̀ ìjọba àti ilẹ̀ aládàáni.” Àwọn èèyàn yán. Ẹnì kan sùn. Rhoda, ìyá Ọmọ́ṣọlá, ló nawọ́.

“Ọ̀gá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ lè sọ ọ́ kó yé ẹni tó ń yan ẹja?”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè náà rẹ́rìn-ín, ó sì pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé.

“Ó dáa, màmá. Ẹ fi ibi tí ẹja ń yé sí hàn mí, àti ibi tí ẹyẹ ń bà sí, àti ibi tí igi ẹ̀gbà ti pọ̀. A ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó yà á sórí máàpù. Ibi tó bá jẹ́ ti ìjọba, ìjọba á ṣọ́ ọ. Ibi tó bá jẹ́ ti ẹbí, ẹbí á fọwọ́ sí i pé àwọn á ṣọ́ ọ, káńsù á sì dúró lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gé igi, tàbí tó fẹ́ fa yanrìn, tàbí tó fẹ́ la ọ̀nà omi, á kọ́kọ́ wo máàpù yẹn.”

“Ẹ̀n-ẹ́n,” Rhoda sọ. “Èyí yé mi.”

Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè ní òun fẹ́ ẹnì kan tó mọ omi, tó sì mọ̀wé, tó lè bá òun kọ fọ́ọ̀mù. Olùkọ́ Bàólójì nawọ́ sí Ọmọ́ṣọlá. Inú ọmọ náà dùn débi pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, Aba Kọ́lájọ pe àwọn ọmọ ẹbí sí ilé rẹ̀. Iná gáàsì ilé-iṣẹ́ epo tó ń jó lọ́ọ̀ọ́kán mú kí ojú gbogbo wọn pọ́n bí ti ẹni tó ti mutí.

“Èmi ni mo tukọ̀ wọn,” ni Aba wí. Gbogbo wọn ló mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá a lẹ́nu. “Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mo wà. Àwọn tó ń wá epo dé, wọ́n ní kí n mú àwọn yí ká. Wọ́n béèrè orúkọ gbogbo ipa omi, mo sọ ọ́. Wọ́n béèrè ibi tó jìn, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń fún mi ní bisikíìtì. Kò pé ọdún méjì, ẹ̀rọ dé, wọ́n la omi láti òkun wọlé gba ibi tí mo fi hàn wọ́n gan-an. Omi iyọ̀ gun òkè. Ẹja omi dídùn kú. Ọ̀pẹ kú ní ìdúró. Bàbá mi ò nà mí o. Kò bú mi. Ó kàn ń wò mí ni, títí ó fi kú.”

Ó nu ojú rẹ̀.

“Ohun tí ìjọba bá kọ sílẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi Kọ̀rọ̀ hàn án.”

“Aba,” Ọmọ́ṣọlá sọ, “káńsù kọ́ ni ilé-iṣẹ́ epo.”

“Báírò kan náà ni wọ́n ń lò.”

Rhoda fẹ́ sọ̀rọ̀. “Aba mi, tí wọ́n bá wá sọ lọ́la pé àwọn ò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“Rhoda, ohun tí ojú ọ̀tá ò rí, ọwọ́ ọ̀tá ò tó o.” Ó yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. “Ìwọ lo máa mú un yí ká. Tí ẹ bá dé ẹnu Kọ̀rọ̀, o mọ ohun tí o máa sọ.”

Ẹ̀rù ba Ọmọ́ṣọlá. Ó lè kọ̀. Ó lè ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ̀ kò ní bá ọ̀gá káńsù jókòó nínú ọkọ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì ní wà lórí fọ́ọ̀mù. Ó ní, “Mo gbọ́, Aba.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n yí omi ká, Jọọlá ló jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì. Ọmọ kíláàsì Ọmọ́ṣọlá ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, ó di etí ọkọ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì.

“Ọ̀gá, ẹ jókòó sáàárín,” Jọọlá sọ. “Ọkọ̀ yìí ò mọ ọ̀gá. Bí ẹ bá fì síbì kan, gbogbo wa la máa wẹ̀.”

“Jọ̀ọ́, má dẹ́rù bà mí.”

“Èmi kọ́, sà. Omi ni.”

Wọ́n yí ká láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Níbi tí igi ẹ̀gbà ti pọ̀ létí odò ìjọba, Ọmọ́ṣọlá sọ òótọ́, ó kọ ọ́. Níbi tí àwọn akàn ń gbé, ó sọ òótọ́, ó kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè ń fi ẹ̀rọ kékeré kan mú àmì ibi kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọmọ kékeré, ó ń yìn ín. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu Kọ̀rọ̀, lékeléke tó ogún ló wà lórí igi.

“Ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Mo rí ẹyẹ.”

Jọọlá pa ẹ́ńjìnnì. Ó wo ibi tí igi mọ̀rìwò máa ń wà. Kò rí i. Ó wo Ọmọ́ṣọlá.

“Ẹrọ̀fọ̀ lásán ni, sà,” Ọmọ́ṣọlá dáhùn. “Ọkọ̀ ò lè wọ ibẹ̀. Àwọn ẹyẹ yẹn ń sinmi ni.”

“Ẹja ò yé síbẹ̀?”

“Kò sí nǹkan níbẹ̀, sà.”

“Ó dá ẹ lójú? Wò ó, èmi ò mọ omi. Ojú rẹ ni mo fi ń ríran.”

“Ó dá mi lójú, sà.”

Ó sì kọ ọ́: *Kọ̀rọ̀, ilẹ̀ ẹbí Olówòkéré. Ẹrọ̀fọ̀. Kò sí ohun kan.* Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè ní kó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Jọọlá tan ẹ́ńjìnnì padà. Ọmọkùnrin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹbí kan kò kan ẹbí kejì. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ délé, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè wá sí ìpéjọ òwúrọ̀ ní ilé-ìwé. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà sókè. Ó ní nínú gbogbo abúlé tí òun ti yí ká, láti Abẹ́rẹ̀kẹ̀ dé Ugbonla, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ dáadáa tó báyìí. Ó ní wọ́n máa pe Ọmọ́ṣọlá sí gbọ̀ngàn káńsù ní Ìgbọ́kọ̀dá, kí alága fún un ní ìwé ìyìn. Gbogbo ilé-ìwé pàtẹ́wọ́. Ọmọ́ṣọlá wo ilẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn. Méjèèjì ló wà níbẹ̀ pọ̀.

Ní oṣù kẹrin ni máàpù jáde. Wọ́n lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ara ògiri ilé-ìwé. Jọọlá ló kọ́kọ́ dúró tì í.

“Ẹ wá wo Kọ̀rọ̀ o! Ó funfun bí sútánà wòlíì!”

Ọmọ́ṣọlá sáré wò ó. Ibi tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ibi tí wọ́n fi àwọ̀ ìyeyè kùn ni ibi tí a lè lò pẹ̀lú ìṣọ́ra. Kọ̀rọ̀ kò ní àwọ̀ kankan. Lẹ́tà kéékèèké wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó kà á. *Funfun: ibi tí kò sí ohun pàtàkì. A lè fa yanrìn níbẹ̀, a lè gé igi níbẹ̀, bí káńsù bá ti fọwọ́ sí i.* Ìlà kan tún wà lábẹ́ ìyẹn: ẹni tó bá ní àtúnṣe, kó mú un wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Jọọlá rìn sún mọ́ ọn. “Ṣé o ti kà á?” ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

“Mo ti kà á.”

“Kí lo máa ṣe?”

“Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?”

Ọmọ́ṣọlá délé, ó sọ fún Aba pé máàpù ti jáde, pé Kọ̀rọ̀ funfun lórí rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Aba Kọ́lájọ rẹ́rìn-ín, irú èyí tí kì í sábà rín. “Wọn ò rí i! Mo sọ fún yín.” Aba kò mọ̀wé. Ọmọ́ṣọlá kò ka lẹ́tà kéékèèké yẹn fún un.

Ìwé ìyìn ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bí ó bá lọ sọ pé irọ́ ni òun kọ, ta ló máa fún un? Ó ní lẹ́yìn ìwé ìyìn, òun á lọ. Wọ́n fún un ní ìwé ìyìn, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú alága. Ó wá ní lẹ́yìn ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ kẹta pé nígbà tó ń ṣe ìdánwò Máàtì. Bí ẹnì kan bá bi í léèrè nígbà náà, á ní ìwé ló gbà á lọ́kàn. Ìtìjú ni. Kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù keje, abúlé gbọ́ ariwo kan tí kò jọ ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ó ń kùn láìdánu dúró. Àwọn obìnrin tó lọ sí odò ní àárọ̀ ló kọ́kọ́ padà, Rhoda ló wà níwájú. Ó gbé abọ́ kan lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Aba Kọ́lájọ. Omi pupa ẹlẹ́rẹ̀ ni, àwọn ọmọ ẹja tí kò tó ìka ọwọ́ sì léfòó lójú rẹ̀, wọ́n funfun níkùn.

“Wọ́n wà nínú Kọ̀rọ̀,” ó wí. “Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọbẹ̀, wọ́n ń fa yanrìn. Wọ́n ti gé igi ẹnu ọ̀nà kí ẹ̀rọ tó ráyè wọlé.”

Gbogbo wọn wọ ọkọ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń fa yanrìn kò bú wọn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú ìwé jáde.

“Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ilé ìwòsàn tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún yín ni a fẹ́ fi yanrìn yìí kún ilẹ̀ rẹ̀. Káńsù ló ní ká mú un níbí.”

“Ta ló sọ fún yín pé ibí ṣófo?” Rhoda pariwo. “Ẹ ò rí mọ̀rìwò?”

“Mọ̀rìwò wo? Màmá, mo yí ibí ká lẹ́ẹ̀mẹta ká tó gbé ẹ̀rọ wá. N kò rí àmì kankan.”

Rhoda yíjú sí Aba. Kò sí mọ̀rìwò níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rù tí ń ba Aba, kí ará káńsù má baà tún padà, kò jẹ́ kó ri í mọ́ lọ́dún náà.

Nígbà tí wọ́n délé, Aba Kọ́lájọ jókòó sórí pákó, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ.

“Ọmọ́ṣọlá. Ṣebí o ní funfun ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Aba.”

“Kí ni ìtumọ̀ funfun?”

Ọmọ náà sọ ọ́ fún un. Ó sọ nípa lẹ́tà kéékèèké. Ó sọ nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Rhoda lọgun, ó na ọwọ́ láti gbá a létí, ṣùgbọ́n Aba gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wo ọmọ náà, ó wò ó, títí Ọmọ́ṣọlá fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Mo máa lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá,” ó wí. “Mo máa lọ sọ fún wọn.”

Rhoda pòṣé. “Ọwọ́ tó kọ ọ́ náà ló máa lọ tú u? Ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́?”

“N kò mọ̀, Ìye mi. Ṣùgbọ́n mo máa lọ.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ lọ́jọ́ kejì. Ìpàdé ń lọ lọ́wọ́ ní gbọ̀ngàn káńsù, àga kún. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè rí Ọmọ́ṣọlá, ojú rẹ̀ tàn. “Ìyáàfin aṣojú mi! Kí lẹ bá wá?”

Nígbà tí ó sọ ohun tó bá wá, ojú ọkùnrin náà ṣú. Kò bá a jiyàn. Ó lọ sínú ọ́fíìsì, ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

“Ọwọ́ ta nìyí?”

“Ọwọ́ mi ni, sà.”

“Kà á sókè.”

“Kọ̀rọ̀, ilẹ̀ ẹbí Olówòkéré. Ẹrọ̀fọ̀. Kò sí ohun kan.”

“Ọjọ́ yẹn lo purọ́ ni, àbí òní lò ń purọ́?”

Kánsẹ́lọ̀ kan tó sanra bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ ò mọ̀ wọ́n ni? Àwọn ará odò! Níjọ́ tí kò sí ẹ̀rọ, kò sí ẹja. Ẹ̀rọ dé báyìí, ẹja ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Owó gbà-má-bìínú ni wọ́n ń wá o!”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Rhoda fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin náà sọ bá ìwé mu.

Aba Kọ́lájọ dìde. “Èmi ni mo ní kó má fi hàn. Ẹ dá ọmọ yìí sí. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, n kò sì ní purọ́, ó ṣì ń bà mí.”

“Aba, ẹ jókòó,” ni Ọmọ́ṣọlá wí. Ohùn rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ara rẹ̀. “Òótọ́ ni Aba ní kí n má fi hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí máàpù jáde, èmi nìkan ni mo ka ìtumọ̀ funfun nínú ilé wa. N kò sọ fún Aba. N kò sọ fún ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ fún wa. Mo dákẹ́ nítorí ìwé ìyìn. Ẹja ń yé ní Kọ̀rọ̀, sà. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ wá bu omi ibẹ̀ wò.”

Ẹ̀rín náà dá. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè mú fọ́ọ̀mù náà lórí tábìlì.

“Mo dúró níwájú àwọn èèyàn yìí,” ó wí, “mo ní ọ̀rọ̀ rẹ tó mi. Gbogbo ohun tó wà lórí máàpù yẹn, ọ̀rọ̀ irú yín ni mo fi yà á. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibòmíràn tó jẹ́ irọ́ báyìí?”

Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè gbà láti wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba kì í sáré. Ìwé ní láti kọjá lọ́dọ̀ ẹnì méjì, ẹnì kan nínú wọn sì ti rìnrìn-àjò. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Gbogbo ọjọ́ mẹ́rin náà ni ẹ̀rọ ń kùn, tí Ọmọ́ṣọlá ń gbọ́ ọ láti orí ẹní rẹ̀ láàárọ̀.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè dé, ó ju ìdajì Kọ̀rọ̀ lọ tí ó ti di ihò omi pupa. Rhoda tẹ ọkọ̀ kọjá ibẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun, níbi tí igi ṣì dúró. Ó ti abọ́ funfun bọ inú omi láàárín gbòǹgbò, ó gbé e fún un. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Ó kọ́kọ́ rò pé omi lásán ni. Lẹ́yìn náà ló rí i tí omi náà ń rìn. Ọmọ edé ni, bí ọgọ́rùn-ún, wọ́n mọ́ gaara débi pé ojú wọn nìkan ló hàn, bí ìgbà tí a fi báírò dúdú ṣe àmì sílẹ̀.

“Ah,” ó wí. Ó rọra da omi náà padà. Ó sì lọ dá ẹ̀rọ dúró.

Ẹ̀rọ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jó. Ìdajì tó lọ ti lọ. Igi ẹ̀gbà kì í hù lójú omi tó jìn báyẹn. Ilẹ̀ ilé ìwòsàn dúró ní ààbọ̀, nítorí káńsù ní láti wá yanrìn síbòmíràn. Nígbà tí wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé aboyún kan lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá nínú òjò, ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà Rhoda, ó ní, “Ẹ bá mi kí ọmọ yín akọ̀wé.” Ọpẹ́ ni pé obìnrin náà bí láyọ̀. Edé ọdún náà kò tó nǹkan. Rhoda, tó ń yan ẹja ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, lọ sí Ugbonla lọ bá obìnrin mìíràn yan tirẹ̀.

Káńsù ní kí wọ́n yí omi Ẹ̀bútẹ̀-Ọlárìndé ká lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àgbà ẹbí kọ̀ọ̀kan wà nínú ọkọ̀, ẹ̀dà ìwé kan á sì wà lọ́wọ́ abúlé fúnra rẹ̀. Aba Kọ́lájọ ló béèrè ìyẹn. Ó ní, “Nígbà tèmi, àwọn nìkan ló mú ìwé lọ.” Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yọ fọ́ọ̀mù jáde, Jọọlá ló nà án sí.

“Sà, Ọmọ́ṣọlá kọ̀wé jù mí lọ,” Jọọlá sọ.

“Mo mọ̀.”

Ọmọ́ṣọlá bá mú àjẹ̀, ó ń wa ọkọ̀. Wọ́n dé ibì kan tí ó mọ̀ dáadáa, ibi tí ẹ̀pìyà ń gbé lábẹ́ koríko etí omi.

“Kí ló wà níbí?” Jọọlá béèrè.

“Ẹ̀pìyà. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀.”

Jọọlá gbé báírò, ó sì dá ọwọ́ dúró. Kò fẹ́ dójú tì í. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ó kọjú sí Aba, ó ní, “Aba, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Aba ní bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀ Jọọlá tẹ̀, ó ya koríko náà sọ́tọ̀, ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó kó tó kọ ohun kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní gbogbo ibi tí wọ́n dé, títí ilẹ̀ fi ń ṣú, Ọmọ́ṣọlá ń sọ òótọ́, wọ́n ń wádìí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó fi ohun rere pamọ́ fún olè, tó tún fi pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ bá a ṣọ́ ọ, olè ló bá ṣiṣẹ́. Àgbà lè ṣìnà nítorí ohun tó ti jẹ ẹ́ níyà rí, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ̀wé ló máa ka ibi tí ọ̀nà náà já sí, òun ló sì yẹ kó sọ. Bí o bá ti mọ̀ pé o ti kọ irọ́, ọjọ́ tí o mọ̀ ọ́n náà ni kí o lọ tún un ṣe. Má dúró de ìyìn. Má dúró de ìdánwò. Ẹja kò lè dúró dè ọ́.